Ta Ló Da Ṣúgà Sínú Jíìpù Nùrẹ́nì?

Abà Adéróunmú,
Lọ́nà Ìdó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 1997.

Nùrẹ́nì Àdìgún ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Mutmainah ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó dàgbà jù nínú wọn bá mi kí àwọn tó kù. Ṣé ẹ wà dáadáa ní Bódìjà níbẹ̀? Ṣé iná ń jó, ṣé omi ń yọ, ṣé ariwo ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò yín ti rọlẹ̀? Ọlọ́run tó dá ọ sí nígbà tí o já bọ́ lórí igi ọsàn tí gbogbo wa rò pé ó ti parí, kò ní jẹ́ kí o já bọ́ nísinsìnyí tí ibi tí o dúró sí ti ga ju igi lọ. Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, orí àpáta ni yóò máa gbin iṣu sí. Àmín.

Ilé ń kí ọ. Ìyá rẹ wà, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi ti ọ̀tún sílẹ̀, ó ti bọ́ sí ti òsì, a sì ń dúpẹ́ torí ó ní ti òsì kì í jí òun lójú oorun. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rọ̀ dáadáa, a ti gbin àgbàdo. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi ti bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì ti jẹ etí fìlà tí mo dé wá sí Ìbàdàn, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Ojú mi tí o ní kí wọ́n ṣe fún mi ní Ring Road ti là pátápátá, mo ń rí ọ̀nà jíjìn, mo ń rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀, àní mo ti wá rí i pé ògiri ilé wa ti sán, òjìji igi ni mo sì ti ń pè é láti ọjọ́ yìí wá. Ọlọ́run á tún tìrẹ ṣe bí o ti tún ojú mi ṣe.

Ṣùgbọ́n Nùrẹ́nì, kí ni mo kà yìí? Kùdírátù àbúrò rẹ dé ní àárọ̀ yìí láti wá kó gàrí tó ń tà lọ́jà Bódìjà, ó mú lẹ́tà rẹ fún mi, mo ní kí n jẹ ẹ̀kọ mi tán kí n tó kà á, ọpẹ́ ni pé mo jẹ ẹ́ tán, torí láti ìgbà tí mo ti kà á n kò lè gbé nǹkan mì mọ́. O ní jíìpù rẹ ti dákẹ́. O ní ọjọ́ kejì tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín, tí ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kàdúná dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó ń ta kíjí bí ọmọ tí gìrì mú, ó sì kú síbẹ̀. O ní mẹkáníìkì tú táǹkì tí epo ń wọ̀ sí sọ̀ kalẹ̀, ó bá nǹkan tó ń fà yọ̀ọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó sì dùn. O ní ó ní ṣúgà ni ẹnìkan dà sí i, pé ohun tí àwọn ọ̀tá máa ń ṣe sí ọkọ̀ olówó nìyẹn. O wá ní nítorí pé ọwọ́ Bámidélé dírẹ́bà rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà ní gbogbo ìgbà tí o kò sí nílé, o ti fa Bámidélé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, àtìmọ́lé ló sì ń sùn.

Háà! Mo pariwo débi pé ìyá rẹ fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sáré jáde síta. Ṣúgà! Nínú ọ̀wọ́n ṣúgà yìí! Ìkà wo ni yóò gbé ṣúgà tí ọmọ èèyàn ò rí fi mu gàrí, tí yóò dà á sínú irin? Ṣé bí ayé ti bàjẹ́ tó nìyẹn? Mo ti gbọ́ pé wọ́n da májèlé sọ́bẹ̀, mo ti gbọ́ pé wọ́n fi iná sí oko kòkó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dáyé n kò gbọ́ ọ rí pé ẹnìkan fi ohun dídùn ṣe èèyàn níkà.

Ti Bámidélé yẹn kọ́, irọ́ ni. Kò lè ṣe é. Ní gbogbo ìgbà tí o wà ní Kàdúná, èmi ni mo wà nílé rẹ, báńdéèjì bo ojú mi kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù kò kúrò lára jíìpù yẹn. Mo mọ àìsàn rẹ̀ ju ìwọ tí o rà á lọ. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ti rí, kí o lè mọ̀ pé ọmọ yẹn kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Ọjọ́ tí mo dé, ẹnu yà mí, n kò lè pa á dé. Mo bá jíìpù nínú yàrá tirẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní gílóòbù, nígbà tó jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn ọmọ rẹ ń sùn. Ìyàwó rẹ fi aṣọ kan hàn mí tí wọ́n fi ń nù ún, ó rọ̀ ju aṣọ ìnura tí ẹ fún mi lọ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà nínú rẹ̀. Wọ́n ní irú òróró kan ṣoṣo ló ń mu, bí ẹ bá fún un ní òmíràn inú á run ún. Ó ní dókítà tirẹ̀ ní Ring Road, kóòtù dókítà náà funfun ju ti ẹni tó ṣe ojú mi lọ, ó sì ní káàdì tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ padà wá sí. Èmi tí mo bí ọ, n kò ní káàdì ọsibítù rí àfìgbà tí ojú dùn mí. Mo rò ó títí, mo ní kò burú, bí Nùrẹ́nì bá fi ṣe ọmọ, èmi náà á fi ṣe ọmọ-ọmọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ ni pé ó ń tọ̀ sílé. Gbogbo ìgbà tí a bá ti òde dé, omi á máa kán lábẹ́ rẹ̀, tó, tó, tó. Bámidélé ní kò ṣe nǹkan kan, pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wa lára ló ń yọ omi bẹ́ẹ̀. Mo wò ó, mo ní ọmọdé ni ọ́. Ọmọ tó bá ń tọ̀ sílé, a kì í fún un lómi mu tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ohun tí a fi wo ìwọ alára sàn nìyẹn, má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́. Mo kìlọ̀ fún Bámidélé pé kò gbọdọ̀ bu omi sí i lórí mọ́ bí kò bá bi mí. Ó ní ó dáa, bàbá. Àṣé omi orí yẹn ló ń mú ara rẹ̀ tutù! A ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú mi, a ti kọjá Dùgbẹ̀, a dé Challenge, ni ara rẹ̀ bá gbóná, èéfín ń yọ nímú rẹ̀, àwọn èèyàn ń sá, èmi náà sá, ẹsẹ̀ bàtà mi kan ló kù nínú rẹ̀. Bámidélé kò sá. Ó dúró tì í títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀, ó fi àkísà ṣí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bu omi sí i, ó wá gbé bàtà mi wá bá mi níbi tí mo sá sí. Kò sọ fún mi pé èmi ni mo fà á. Ẹlòmíràn ì bá sọ ọ́.

Lọ́jọ́ mìíràn, a ń ti Onírèké bọ̀, níbi tí mo ti lọ kí ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan, iná pupa kan ṣàdéédéé tàn níwájú Bámidélé lábẹ́ gíláàsì. Mo na ọrùn, mo fi ojú mi kan wò ó. Kí ni mo rí? Bùútà! Bùútà àlùwàlá gan-an, ẹnu rẹ̀ gùn, omi sì ń kán níbẹ̀. Orí mi wú. Mo wo oòrùn, ìrun Alásárì ti tó. Mo ní Allahu Akbar, irin tí òyìnbó rọ ń pe Mùsùlùmí sí ìrun, àwa tí a ní etí jókòó nínú rẹ̀ à ń sọ̀rọ̀ ọjà! Mo ní kí Bámidélé dúró lójú ẹsẹ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan, mo ní kó panu mọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò lè mọ̀. Mo ṣàlùwàlá, mo kírun létí títì, mo sì ṣàdúà fún ọ gidigidi pé o ra ọkọ̀ tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Nígbà tí mo máa fi sálámà, Bámidélé ti ṣí iwájú ọkọ̀, ó ti da ike òróró kan sí ẹ́ńjìnnì, nígbà tí a sì tún wọlé, bùútà náà kò sí mọ́. Ó ní òróró ló ti fẹ́ẹ́ gbẹ. Mo ní ìrun mi ló gbà. Kò bá mi jiyàn.

Igbe rẹ̀ ńkọ́? Mo kàn fi ọ̀pá mi kàn án níbàdí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kíkí ni mo ń kí i, ni ó bá figbe ta, gbogbo àdúgbò yọjú lójú fèrèsé. Mo ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ńṣe ló ń ké sí i, àfìgbà tí Bámidélé sáré dé tó tẹ nǹkan kan lára kọ́kọ́rọ́. Ojú tì mí lójú àwọn aládùúgbò rẹ, wọ́n á rò pé mo lu ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó yá, a gbé e lọ sí Ring Road. Dókítà rẹ̀ kò kí i, kò bi í ní nǹkan kan, ó kàn ki wáyà bọ̀ ọ́ lábẹ́ ìdí sítíárì, ó ń wo àpótí kékeré kan tó ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n, ó ní àpótí náà ń sọ ohun tó ń ṣe é. Mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ kí àpótí sọ̀rọ̀. Ó yọ èyí, ó fọ ìyẹn, ó ní ó ti yá. Kò pẹ́ tí fèrèsé rẹ̀ kan há, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. A tún gbé e lọ. Ó yá. Bátìrì rẹ̀ kú. A tún gbé e lọ. Ó yá. Nùrẹ́nì, ìgbà náà ni mo jókòó, mo káwọ́ gbera, mo bi ara mi pé irú ọmọ wo ló ń ṣàìsàn tó ń yá, tó tún ń ṣàìsàn tó tún ń yá, tó kàn ń jẹ owó bàbá rẹ̀ run báyìí? Àyà mi là gààrà. Àbíkú ni!

Mo pe Bámidélé, mo bi í pé ta ló sọ jíìpù yìí lórúkọ. Ó ní ó ní nọ́ńbà, ó fi páànù pẹlẹbẹ tó wà nídìí rẹ̀ hàn mí. Nọ́ńbà! Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní agbo ilé Ògúnsànyà tí kì í ṣe ọwọ́ mi yìí ló fi oyin kàn án lẹ́nu, títí kan ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ, èwo wá ni ti nọ́ńbà? Ìdí nìyẹn tí kò fi rójú dúró. Bí ọjọ́ àtibọ̀ mi ṣe wá ku ọ̀la, tí ìyàwó rẹ ti lọ síbi iṣẹ́, mo ní kí Bámidélé ṣí ẹnu jíìpù, ibi tó ti ń mu epo. Mo fi omi kàn án lẹ́nu, mo ní omi kì í lọ́tàá, kò ní lọ́tàá. Mo fi iyọ̀ sí i, mo ní iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn, ayé olówó rẹ̀ á dùn. Nígbà tó kan oyin, mo rí i pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jìn, bí mo bá fi ìka kàn án lásán kò lè dé ahọ́n, ni mo bá da gbogbo ìgò oyin tí mo gbé wá fún ọ láti oko sí i, ojúlówó oyin tí n kò bu omi là. Bámidélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀ mí pé bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kúkú fi pa á ní táyà. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ọmọ ta ni wọ́n ń sọ lórúkọ tí wọ́n ń fi oyin pa ní gìgísẹ̀? Mo ní ṣé òun ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ ni. Ó ní rárá, bàbá. Mo wá pe orúkọ rẹ̀, mo ní Dúrójayé ni, kó dúró jayé lọ́dọ̀ Nùrẹ́nì. Mo sì kìlọ̀ fún Bámidélé pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún ọ nígbà ọdún Iléyá. Ó ní òun ti gbọ́, òun kò ní sọ.

Ṣé o wá rí i báyìí? Ojú ọmọ yẹn ni mo ṣe fi àdúà yí jíìpù ká, ṣé òun ni yóò tún wá lọ da ṣúgà sí i? Bó bá ṣe tèmi ni, mẹkáníìkì yẹn ni kí ẹ mú. Ta ló mọ̀ pé ó dùn? Ẹni tó tọ́ ọ wò. Èèyàn rere wo ló ń tọ́ ìsàlẹ̀ táǹkì wò?

Ibí ni mo kọ ọ́ dé tí mo ní kí Kùdírátù wá bá mi kà á bóyá ó gún. Ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín níbi bùútà, ó dé ibi oyin, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó bi mí pé ìgò wo. Mo fi èyí tó kù hàn án nínú yàrá. Ó káwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ wọ̀ padà sí Ìbàdàn. Ó ní bàbá, ẹ̀yin ni. Mo ní èmi ni kí ni. Ó ní ẹ̀yin ni ẹ pa jíìpù ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní oyin ni mo fún un, kì í ṣe ṣúgà, oyin kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣúgà. Ó ní lójú ẹ́ńjìnnì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ṣé o mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀rọ̀ yìí yé e. Ó ní oyin kì í yòrò nínú epo, ìsàlẹ̀ ló ń rì sí, ibi asẹ́ tí epo ń gbà kọjá ló máa lọ dí pa, àti pé omi àti iyọ̀ tí mo fi ṣáájú gan-an tó ohun tí ń ba ọkọ̀ jẹ́.

Nùrẹ́nì, bíírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an, èmi tí mo ti ń bú ìkà láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti jíìpù ló mú kí omi bọ́ lójú mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Mo bi Kùdírátù pé kí ni Bámidélé wá sọ fún àwọn ọlọ́pàá. Ó ní ìyàwó rẹ ti lọ wò ó, ìyàwó Bámidélé náà ń ti Agbowó gbé oúnjẹ lọ fún un, pé wọ́n lù ú, wọ́n bi í títí ó rẹ̀ wọ́n, gbogbo ohun tó ń sọ kò ju pé òun kò da ṣúgà sí jíìpù, òun kò sì ní nǹkan mìíràn láti sọ. Ó mọ̀! Ó mọ ẹni tó ṣe é láti ìgbà tí jíìpù ti ń wúkọ́! Bó bá dárúkọ mi péré, wọn ì bá ṣílẹ̀kùn fún un. Nítorí pé àgbàlagbà kan ní kó má sọ̀rọ̀, ó gbà kí wọ́n lu òun, ó sì ń sùn lórí símẹ́ńtì. N kò bí i, n kò tọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ń jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé èmi ni mo ni ín.

Wò ó, bí o bá ti ka ibí yìí, dìde. Bí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ, fi í sílẹ̀. Lọ bá àwọn ọlọ́pàá, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ni, sọ orúkọ mi fún wọn kó yé wọn. Má sọ pé ojú á tì ọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ìtìjú tó bá mi tó fún àwa méjèèjì. Gbé Bámidélé lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n wo ibi tí wọ́n ti lù ú. O kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́, ìwọ fúnra rẹ, má rán ìyàwó rẹ. Jíìpù, wọ́n lè fọ táǹkì rẹ̀, Kùdírátù ní wọ́n lè pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀. Ẹgba tó bá ara ọmọlọ́mọ kò ní mẹkáníìkì ní Ring Road.

Mo fẹ́ bá Kùdírátù wá ní alẹ́ yìí, mo ti ń gun orí àpò gàrí, ìyá rẹ ló di ẹ̀wù mi mú, ó ní dókítà ní eruku kò gbọdọ̀ kàn mí lójú, àyè ẹnìkan ló sì kù níwájú ọkọ̀. N ó wá ní ọ̀túnla tí í ṣe ọjọ́ ọjà. Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ rán dírẹ́bà tó kó gàrí wá, yóò padà sí oko lọ́la. Owó oògùn kòkó tí mo fẹ́ tọrọ, àti ti páànù tó ń jò, jẹ́ kí wọ́n dúró ná. Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́. Má fi ti àbọ̀ sí i, torí bí n kò bá bá Bámidélé níta nígbà tí mo bá dé, ibi tó jókòó sí ni n ó lọ jókòó sí kí wọ́n lè ní kó máa lọ ilé, n kò sì mọ ọjọ́ tí n ó padà.

Ọlọ́run yóò tún jíìpù rẹ ṣe, tàbí kó fi èyí tó sàn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Kò ní jẹ́ kí o lọ́wọ́ kí o má láàánú. Wọn kò ní purọ́ mọ́ àwọn ọmọ rẹ níbi tí o kò sí. Ibikíbi tí o bá ń lọ, ayọ̀ ni wọn yóò fi máa rí ọ. Bí o bá wo ìsàlẹ̀ àdúà yìí, wàá rí i pé n kò ṣe àmín. N kò gbàgbé. Àmín tirẹ̀ wà lẹ́nu Bámidélé, bó bá jáde, òun ni n ó ní kó bá wa ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùsàrí Ògúnsànyà.